Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tún gé owó mi: ìbéèrè tí ẹ kì í yé bi mí

Texas ni mo ń gbé, òfin ibẹ̀ ni mo fi ń dáhùn. Bí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ẹ lọ yẹ tiyín wò. Ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn, ìgbà tó bá sì ti pẹ́ jù lẹ máa ń rántí bi mí.

Wọ́n ti lé mi, owó ìkẹyìn kò tíì wọlé.

Ọjọ́ mélòó ló ti pé? Ọ̀gá tó lé yín ní ọjọ́ 6 láti san án. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ dúró de ọjọ́ owó tó kàn. (Ní California, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ san án fẹ́ni tí wọ́n lé. California kọ́ la wà.)

Wọ́n yọ owó yúnífọ́ọ̀mù àti ohun tó fọ́.

Ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé? Ẹ má yára sọ pé rárá. Òkìtì ìwé tí ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìkà á, inú rẹ̀ ló máa ń wà. Yàtọ̀ sí owó-orí, owó ìtọ́jú ọmọ tí ilé-ẹjọ́ pa láṣẹ àti irú wọn, ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ láìsí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n ń yọ ọ́ fún. Kódà bí ẹ fọwọ́ sí i, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí irú ìyọkúrò yìí mú owó wákàtí yín kéré sí $7.25, tàbí kó jẹ nínú ófátáìmù. Owó tí ẹ yá lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ o. Ọjọ́ 180 lẹ ní, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san owó, láti gbé ẹjọ́ wọn lọ bá Texas Workforce Commission (TWC), iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí owó iṣẹ́ àti owó àìríṣẹ́ṣe.

Ṣé ẹni tí wọ́n lé lè gba owó àìríṣẹ́ṣe?

Ó lè gbà á! Ta ló ń sọ fún yín pé kò lè gbà á? Ìdí tí wọ́n fi lé yín ni wọ́n ń wò: ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwà àìtọ́ ni kì í gbà á. Ẹni tó gbìyànjú tí iṣẹ́ kò kàn mọ́ ọn lọ́wọ́ kò hu ìwà àìtọ́. Ẹni tó jalè tàbí tó jà níbi iṣẹ́ hù ú. Owó-orí tí àwọn ọ̀gá ń san ni wọ́n fi ń san án, ó sì lè gòkè sí i bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé bá ń gbà á. Ìdí tí wọ́n fi máa ń bá yín jà nìyẹn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ tíì kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù nítorí green card, wọn kì í ka owó yìí mọ́ ìrànwọ́ tó ń ba ìwé jẹ́.

Mo gba 1099 (ìwé owó-orí ẹni tí wọ́n kà sí agbaṣẹ́ṣe), kì í ṣe W-2 (ti òṣìṣẹ́ gan-an).

Ẹ kọ̀wé béèrè owó àìríṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Wọn yóò wádìí ẹni tó ń yan wákàtí yín àti ẹni tó ń darí bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Wọ́n ní mo hu ìwà àìtọ́, lẹ́tà sì ti dé pé n kò ní gbà á.

Èyí ni mo bá yí fúnra mi. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ọmọ mi wà ní ọsibítù, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fèsì: «OK». Kò ju lẹ́tà méjì yẹn lọ. Wọ́n lé mi, wọ́n sì kọ sílẹ̀ pé n kò wá, n kò sì pè. TWC gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ tó wà lára lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ 14 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí àpótí. Mo pè é. Mo sì ń béèrè owó mi lọ́sẹ̀ méjì-méjì bí ẹni pé wọn kò kọ̀ mí, mo ń wáṣẹ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibí yìí gan-an lẹ ti máa ń kùnà: ẹ ó jáwọ́, ẹ ó jàre tán, owó ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò béèrè ó wá di ọ̀rọ̀.

Orí fóònù ni ìgbẹ́jọ́ ti wáyé. Mo ti tẹ àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde, nọ́ńbà, ọjọ́, aago àti «OK» hàn ketekete, mo fi ránṣẹ́ sí adájọ́ àti sí ilé iṣẹ́ ṣáájú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè má gbà á wọlé.

Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ń ka fáìlì. Adájọ́ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń gba ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ òṣìṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Rárá. Súpáfáísọ̀ ńkọ́? Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo ń sọ, ohun tí wọ́n sọ fún un lòun ń kà. Obìnrin náà wá fa pípẹ́ tí mo pẹ́ lọ́dún tó kọjá yọ. Adájọ́ ní, «Ṣé nítorí ìyẹn lẹ ṣe lé e?» Ó dákẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn tó mú kí wọ́n lé yín ni ẹjọ́ dá lé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ fà yín kúrò níbẹ̀. Ẹnu ń yún mi láti bú wọn, n kò bú wọn. Wọ́n yí ìdájọ́ padà.

Ṣé kí n gba lọ́yà?

Fún irú ìgbẹ́jọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ló ń dá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kàn yín, ẹ má sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbúra láìrí lọ́yà. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fún yín lówó ìdágbére, ẹ kọ́kọ́ fi han lọ́yà. Ní agbègbè Houston, Lone Star Legal Aid ń ran ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú lẹ́tà náà lọ, àti àpòòwé rẹ̀.