Bí Mo Ṣe Fi Yorùbá Ṣàlàyé Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Ìlú Zoutleeuw

Nígbà tí àwọn Yorùbá tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Brussels ní kí n mú àwọn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì Sint-Leonardus ní Zoutleeuw, ní orílẹ̀-èdè Belgium, mo rò pé iṣẹ́ náà kò ju kí a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Tienen, kí a sì wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àlàyé tí màá fi Yorùbá ṣe ni ó gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi.

Ìtàn ìlú náà kò ṣòro. Ìlú kékeré ni Zoutleeuw lónìí, ṣùgbọ́n òwò aṣọ sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ní ilẹ̀ Brabant láyé àtijọ́, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí wọ ìkẹrìndínlógún. Ohun tí a torí rẹ̀ lọ ni pé ẹrù inú rẹ̀ ṣì pé. Ní 1566, àwọn tí wọ́n kórìíra ère fọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri agbègbè náà. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, àwọn ará Faransé tí wọ́n gba ilẹ̀ náà tún tú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ìjì méjèèjì ré ti Zoutleeuw kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí mọ́ mi lọ́wọ́ ni ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní sakramentstoren, ibi gíga tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ láti máa tọ́jú búrẹ́dì Ara Olúwa sí. Cornelis Floris, agbẹ́kùúta ará Antwerp, ni ó gbẹ́ ẹ láàárín 1550 sí 1552. Maarten van Wilre, olúwa ìlú Oplinter, ni ó sì gbé iṣẹ́ náà fún un. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 18, àwọn ère inú ìtàn Bíbélì sì kún un láti ìsàlẹ̀, bí ó ti ń tín-ín-rín lọ sókè. Lásìkò tí àwọn kan ń jiyàn pé búrẹ́dì orí pẹpẹ kò yàtọ̀ sí búrẹ́dì mìíràn, mo ka iṣẹ́ yìí sí èsì tí àwọn Kátólíìkì fi òkúta fọ̀.

“Ilé gogoro Sákírámẹ́ntì” ni mo kọ sínú ìwé mi. Bí mo ṣe kà á fún wọn tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, màmá àgbà kan yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ilé gogoro tí wọ́n so agogo sí.

Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà, òun ló wà níwájú yín yìí.”

Ó wò ó tìtì. “Ṣé inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú Ara Olúwa sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Àgọ́ nìyẹn. Kí lo wá ń pè é ní ilé gogoro fún?”

Mo fa igi lé ọ̀rọ̀ mi lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pá àbẹ́là idẹ, tí Renier van Thienen rọ ní nǹkan bí 1483, kò gba àlàyé púpọ̀. Ó ga ju mítà 5 lọ, Jésù lórí àgbélébùú sì wà ní ténté rẹ̀. Yorùbá mọ idẹ, àwọn tí mo mú lọ kàn ń rìn yí i po ni.

A parí rẹ̀ síbi pẹpẹ Leonard Mímọ́. Mo ṣàlàyé pé òun ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ké pè, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wọ̀n fi ń wà lọ́wọ́ ère rẹ̀. Màmá tún béèrè bóyá ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni. Mo ní àwọn aboyún tí ń rọbí náà ń ké pè é. Ó na ìwé sí mi pé kí n kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún òun, nítorí oṣù ọmọ ọmọ òun kò ní pẹ́ pé.