Bí mo ṣe ráyè wọ inú iṣẹ́ ìwádìí kí n tó dé ọdún àṣekágbá

Àwọn olùkọ́ kì í fèsì ímeèlì mi. Àwọn tó ń ṣe PhD ní láàbù ló ṣílẹ̀kùn fún mi, torí ọrùn wọn ni iṣẹ́ wà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé e.

Mo kọ́kọ́ wá iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wa lórí Google Scholar àti African Journals Online, mo kà á. Ìbéèrè kan ni mo mú lọ bá ẹ̀gbọ́n kan nínú àwọn tó ń ṣe PhD náà: kí ló dé tí wọ́n fi ń sá ewé efinrin sí ibòòji, tí wọn kì í sá a sóòrùn? "Ta ló rán ẹ wá?" ló fi dá mi lóhùn. Ó wá ṣàlàyé pé oòrùn máa ń lé òróró olóòórùn inú rẹ̀ lọ, òun gan-an sì ni wọ́n ń wá. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Mo fọ ìgò, mo lẹ orúkọ mọ́ ewé, mo ń tẹ nọ́ńbà sínú Excel. Iṣẹ́ náà súni, kí n má purọ́. Nígbà tí mo fi R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ya gíráàfù fún wọn, ni ọ̀gá láàbù tó béèrè orúkọ mi.

Bí SIWES yín, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta ilé ìwé, bá ń bọ̀, ẹ tètè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìwádìí: IITA (iṣẹ́ ọ̀gbìn) àti CRIN (kòkó) wà n'Íbàdàn, NIMR (ìṣègùn) wà ní Yaba, FIIRO (iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá) wà l'Óṣòdì. Kí ẹ sì béèrè ní tààrà, kí iṣẹ́ tó jinlẹ̀, bóyá orúkọ yín yóò wà lára àwọn òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá fi ìwádìí náà gbé jáde.