Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pílànù tí Nàìjíríà ń ṣe fún igbó, odò àti ẹranko

Nàìjíríà ti wọ àdéhùn àgbáyé lórí ohun abẹ̀mí láti 1994, wọ́n ṣe pílànù 2016 sí 2020, nígbà tó di December 2022 gbogbo ayé tún pàdé ní Montreal, wọ́n ní tó bá fi máa di 2030, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun ayé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tún ṣe irú wọn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé pílànù náà máa sùn sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe pílànù, ẹ má jókòó sí Àbújá kẹ́ ẹ máa pín igbó tí ò sí lọ́wọ́ yín. Òfin ilẹ̀ 1978 ti gbé ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, igbó ọba náà, ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó púpọ̀ nínú wọn, ìpínlẹ̀ náà ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, tí ìwé Àbújá bá wá ní kẹ́nikẹ́ni má gégi mọ́ tí ò sì sọ ibi tí ìpínlẹ̀ á ti rí owó míì, igi á ṣì máa wó lójoojúmọ́ ni.

Èyí tó dùn mí jù rè é o: ẹ má ṣe pílànù igbó kẹ́ ẹ wá yọ àwọn tó ń fún awakùsà ní láísẹ́ńsì sílẹ̀. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Bíi hẹ́kítà 75 ni, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005, igi ibẹ̀ ò ṣeé gé, ẹja odò ò ṣeé pa, èèwọ̀ ni látọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò sì rò pé fọ́rẹ́sítà kankan lè ṣọ́ igbó bí èèwọ̀ yẹn ṣe ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wa góòlù lókè odò lápá Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ ń ṣàn bọ̀, omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ wá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, débi pé wọ́n ń kìlọ̀ fáwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí wọ́n ń bù fún ọmọ o! Kùsà, tìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀, ti gómìnà. Igbó, tàwọn olórìṣà àti àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Tí gbogbo wọn ò bá jọ jókòó sórí tábìlì kan náà kí wọ́n tó buwọ́ lu láísẹ́ńsì, fẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ṣe yí igbó ká ò lè dá ẹrẹ̀ dúró.

Ẹ má sì gbin mẹlíínà, igi òkèèrè tó tètè ń dàgbà, kẹ́ ẹ wá kà á mọ́ igbó. Nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tọ́pọ̀ èèyàn mọ̀ sí J4, igbó àdáyébá rẹpẹtẹ ni wọ́n gé kúrò kí wọ́n lè gbin mẹlíínà, oko kòkó náà ń jẹ wọlé. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, erin gan-an! Igi ẹyọ kan tó tò lọ bí àgbàdo ò lè dípò ibi tí òro, àgbálùmọ̀ àti ìrókò ti jọ ń hù.

Tó bá kan ẹranko, ẹ má rò pé ká máa mú èèyàn nìkan ti tó. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí, síbẹ̀ lónìí ẹ lè dúró lódò ẹran láàárọ̀ kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan, torí wọ́n ń pa á tà fún oògùn, ó sì ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n kà mọ́ èyí tó fẹ́ẹ́ run pátápátá. Tí ọlọ́pàá bá ya bo ọjà, àwọn lẹ́kúlẹ́jà á kàn gbé e sábẹ́ igbá ni. Àwọn gan-an ló mọ ewé tó lè ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń lo igún fún, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ pe àwọn ọdẹ náà, ẹ ka ìwé yẹn fún wọn ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí igún kẹ́yìn.