Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe ẹ̀jẹ̀ fíìmù bíi ti Psycho

Ẹ má ra ọ̀dà pupa o. Nígbà tí Alfred Hitchcock ń ya Psycho tó jáde ní 1960, ṣokoléètì olómi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ níbi tí wọ́n ti gún òṣèré Janet Leigh ní bálùwẹ̀, torí fíìmù dúdú àti funfun ni, ṣokoléètì sì máa ń dúdú dáadáa nínú kámẹ́rà.

Ẹ da ṣokoléètì yẹn sínú abọ́, ẹ fi omi díẹ̀ là á, kó má ki jù kó má sì ṣàn jù, ẹ kán an sórí nǹkan funfun tí omi ń ṣàn lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo bó ṣe ń fà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé omi lọ, tó bá tètè pòórá ẹ fi ṣokoléètì kún un. Inú dúdú àti funfun ni kẹ́ ẹ ti máa wò ó lórí fóònù o.

Ìró ọ̀bẹ ńkọ́? Èso mẹ́lọ́nù ni wọ́n gún! Ibí yìí gan-an ló wù mí jù. Ẹ gbé máíìkì sún mọ́ ọn, ẹ gún un, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún gún un. Ẹ má kánjú rárá, bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ya ibi ìwẹ̀ yẹn nìkan.