Fèrèsé méje, igun mẹ́rìnlá

Nígbà tí àwọn tó fi fèrèsé alumíníọ̀mù sílé wa ní Ọ̀bà-Ilé kó irinṣẹ́ wọn lọ, ihò ni wọ́n fi sílẹ̀ dè mí. Lúfà àtijọ́ la yọ, etí ògiri sì ti fọ́ káàkiri. Ibì kan wà tí ìka mi méjì ń wọ̀ dáadáa. Mo bi ọ̀gá wọn, ó ní pẹ́ńtà á bò ó. Ọ̀dà wo ló fẹ́ dí ihò tí aláǹgbá ń gbà wọlé?

Mo lọ bá Bàbá káfíńtà àdúgbò wa kí wọ́n bá mi kan pákó yí etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká, kó lè bo ihò náà. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n pè lórí fèrèsé kan, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé, mo ń padà bọ̀." N kò padà. Ọ̀dọ̀ àwọn onípákó lójú ọ̀nà Òǹdó ni mo gbà lọ, mo ra mèlínà. Kì í ṣe ìrókò o, kò sẹ́ni tó ń fi mèlínà yangàn, ṣùgbọ́n ayùn ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, ó sì ń gba ọ̀dà.

Oṣù kẹsàn-án ni, òjò kò sì dá. Mo tẹ pákó náà ní èékánná, omi yọ. Síbẹ̀ ojú ń kán mi, mo fi yí fèrèsé pálọ̀ ká, ó gún régé. Owó tán. Mo to ìyókù sí gáréèjì, mo fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè, mo pa wọ́n tì. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, igun méjèèjì òkè ti pálọ̀ yanu, ìhà inú ló sì ti là, torí ìbú ni pákó ti ń súnkì, gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Pákó gáréèjì ní tirẹ̀ ti gbẹ táútáú.

Fèrèsé mẹ́fà tó kù, 4 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà méjèèjì ni gbogbo wọn, mo wá wọn ọ̀kan nínú wọn, mo gé ti méjì pọ̀. Ìkejì kọ̀, kò wọlé. Mo na tépù láti igun dé igun: ọ̀kan 68½ íǹsì, èkejì 67¼. Tó bá jẹ́ pé ó gún ni, méjèèjì ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 68. Ògiri ló wọ́. Láti ọjọ́ náà, kálukú fèrèsé ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, mo sì ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn pákó kọ̀ọ̀kan.

Símẹ́ǹtì ni mo fi dí ihò ná. Mo fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn pákó. Ti ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ á dúró lé e, ti òkè ló ń kẹ́yìn. Mi ò jẹ́ kí pákó bá etí inú ojú fèrèsé dọ́gba pátápátá. Mo yọ ọ́ sẹ́yìn ní ìdámẹ́rin íǹsì yíká, mo fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i. Bó bá wọ́ díẹ̀, ojú ò ní tètè rí i. Ní ti igun, pákó méjì tí a gé lórí ní dígírì 45 tí gbogbo ayé ń pè kì í pàdé lára ògiri tó wọ́. Àjákù pákó méjì ni mo kọ́kọ́ ń gé, màá gbé wọn sígun, màá wo ibi tó là, kí n tó fọwọ́ kan pákó gidi.

Ìṣó kankéré ló dójú tì mí. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, símẹ́ǹtì tó tó àtẹ́lẹwọ́ já bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ṣé ká ránṣẹ́ sí Bàbá káfíńtà ni?"

Mi ò dáhùn. Mo yá dìríìlì, mo dá ihò lu ògiri, mo gbá èèkàn igi kékeré sínú rẹ̀, mo wá fi ìdè, ìyẹn síkúrúù, de pákó mọ́ ọn. Kò mì. Ìyẹ̀fun ayùn tí mo pò mọ́ gúlù ni mo fi bo orí àwọn ìdè náà, mo sì fi dí igun pálọ̀ tó là, mo fi sánpépà fá a kí n tó kùn ún.

Bàbá káfíńtà wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò wo yàrá. Wọ́n rìn tààrà lọ síbi fèrèsé pálọ̀, wọ́n fi èékánná ha igun náà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Eléyìí ò gbẹ nígbà tóo gé e, àbí?"