Ẹ Má Kọ́kọ́ Wá Yàrá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́jú Ọmọ Kékeré Tó Ní Ọ́tísíìmù

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ ọdún méjì tó ní ọ́tísíìmù (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń mú kó ṣòro fọ́mọ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ tàbí ṣeré) rí ìtọ́jú gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìpẹru, kí ìyá rẹ̀ má baà máa gbé e lọ Èkó, ẹ má kọ́kọ́ wá yàrá. Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù nìyẹn. Wọ́n á gba yàrá kan lẹ́yìn jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n á ra ohun ìṣeré olówó gọbọi, wọ́n á sì máa fa ọmọ náà yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Early Start Denver Model, ọ̀nà ìtọ́jú ọ́tísíìmù tí Sally Rogers àti Geraldine Dawson gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ọmọ oṣù 12 sí 48, inú eré àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àsìkò oúnjẹ. Ọmọ fẹ́ ìkọ́kọrẹ́. Kí àǹtí jẹ́lé-ó-sinmi má gbé gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó fún un ní ṣíbí kan, kó gbé abọ́ súnmọ́ ojú ara rẹ̀, kó dákẹ́, kó dúró. Bí ọmọ bá wò ó, bó bá nawọ́, bó tilẹ̀ kùn díẹ̀, ó ti béèrè nìyẹn. Kí àǹtí pè é, "Ìkọ́kọrẹ́!", kó sì fún un kíákíá. Dídúró yẹn ló máa ń ṣòro fún wa, torí a ti mọ ohun tọ́mọ fẹ́. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di ìyà o: bó bá ti ń sunkún, ẹ fún un lóúnjẹ rẹ̀.

Sẹ́mínà ọjọ́ kan àti ìwé-ẹ̀rí kò tó. Ẹni tó kọ́ àwọn àǹtí gbọ́dọ̀ máa padà wá wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún òbí ọmọ ọdún 2 sí 9 ní ìpàdé 9, ó sì ní àbẹ̀wò 3 sílé. Àbẹ̀wò yẹn ni wọ́n máa ń fẹ́ gé bówó bá dínkù. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ilé lẹ ó ti bá ìyá àgbà, tó ń wo ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lọ́jà Òkè-Ajé.

Ẹ má sì ní kí ìyá àgbà fi èdè Ìjẹ̀bú sílẹ̀ torí Gẹ̀ẹ́sì. Èdè méjì kì í fa ọ́tísíìmù, kì í sì í mú un le sí i.

Ẹ má dúró de ìwé dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a pè tí kì í wẹ̀yìn, ẹ máa bá a ṣeré báyìí lónìí, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé fún òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣágámù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú.