Bí ẹ ṣe lè mú kí ọmọ jáwọ́ nínú ẹkún tó fi ń gba nǹkan

Ẹkún tí mò ń sọ níbí ni èyí tí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà máa ń sun nígbà tí wọ́n bá ní rárá fún un. Á na gbalaja sílẹ̀, á máa ta ẹsẹ̀, á máa pariwo, títí ẹni tó ní rárá á fi yí ohùn padà. Ọmọ náà kò burú. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kan ni, àwa àgbàlagbà la sì kọ́ ọ.

Ní 1898, Edward Thorndike, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àwọn ológbò tó há mọ́ inú àpótí. Ológbò á bu igi jẹ, á fi èékánná ya ibí ya ọ̀hún, títí yóò fi ṣèèṣì kan ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò sì jáde lọ jẹun. Bí wọ́n ṣe ń dá a padà léraléra ni gbogbo ìjàkadì tí kò wúlò ń dín kù, tó sì ń yára lọ síbi tó ń ṣílẹ̀kùn. Ohun tó bá mú èrè wá ni ẹ̀dá ń tún ṣe. Ọmọ tó sunkún tó sì gba fóònù lọ́wọ́ yín ti rí ibi tí ilẹ̀kùn wà nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan wo ọmọ náà láì yí ohunkóhun padà. Ẹ mú ìwé kékeré àti bírò, kí ẹ fa ìlà sí i kó pín sí mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe àti iye ìṣẹ́jú tó fi ṣe é, ohun tí àgbàlagbà ṣe lẹ́yìn náà. Mi ò fẹ́ kí ẹ lo áàpù fún èyí, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà fóònù gan-an ni ọmọ ń sunkún sí, tó bá sì ti rí i lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ di méjì. Bí kò bá sí ìwé, ẹ̀yìn kálẹ́ńdà àtijọ́ tó. Apá kẹta yẹn ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ kọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá fún un, ẹ kọ ọ́ pé ẹ fún un.

Bí ìwé bá fi hàn pé àsìkò ebi tàbí àsìkò oorun ni ẹkún máa ń bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ àti oorun lẹ ó tún ṣe, ẹ má wulẹ̀ ka èyí tó kù. Ọmọ tó ń fi orí gbá ilẹ̀, tó ń sé èémí títí ó fi ń dákú, tàbí tí ẹkún rẹ̀ ṣàdédé yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i. Ẹkún ìrora àti ẹkún ẹ̀rù, à ń dá wọn lóhùn ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe gbogbo ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ jókòó: bàbá, ìyá àgbà, àbúrò ìyá, ẹni tó ń bá yín gbé e. Ẹ má ṣe fo èyí. Ní 1959, C. D. Williams, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì, tó máa ń han bí ẹni tó bá tẹ́ ẹ sùn bá fẹ́ jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ̀lẹ́ tẹ́ ẹ, wọ́n á jáde, wọn ò sì ní padà wọlé. Lọ́jọ́ kìíní, ó sunkún fún ìṣẹ́jú 45. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹwàá, kò rojú mọ́ rárá. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àǹtí rẹ̀ tó wà nílé tẹ́ ẹ, ọmọ sunkún, àǹtí náà sì padà wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó láti ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn tó lè fi gba nǹkan: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ eléyìí." Kó máa sọ ọ́ tẹ̀ lé yín bí eré. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó bá fi ohùn jẹ́ẹ́ bèèrè tó sì ṣeé fún, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe dáadáa: "O ṣeun tó o bèèrè láì pariwo." Ẹ má ná owó lórí ohun ìṣeré. Kí ẹ wojú rẹ̀ kí ẹ sì rẹ́rìn-ín sí i ju ohun ìṣeré lọ.

Wàyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé. Bí ẹkún bá bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mú èrè kankan wá mọ́. Ó rọrùn láti sọ. Àmọ́ bí ẹ bá dá èrè dúró, ìwà náà lè má kọ́kọ́ dín kù. Nígbà mìíràn ńṣe ló ń le sí i. Ọmọ tó ń sunkún fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè sun ún fún ogún, ó lè ju nǹkan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbáni. Ibi yìí gan-an ni àwọn òbí ti máa ń sọ pé ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á fún un ní ohun tó fẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ rí kọ́ ni pé ẹkún kékeré ò tó mọ́, ńlá ni kóun máa sun. Mo ti rí ilé tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí pé ẹkún tó le sí i yẹn lè jẹ́ àmì pé iṣẹ́ ti ń lọ.

Èyí tó tún burú ni ká máa gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lè rò pé bí ẹ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án tí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti gbìyànjú. B. F. Skinner àti Charles Ferster, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ ìwé ńlá lé e lórí ní 1957. Ìwà tí èrè rẹ̀ ń wá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ló ń ṣòro jù láti parẹ́. Ohun tó ń mú ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ jókòó títí ilẹ̀ fi ń mọ́ nìyẹn: èyí tó kàn lè jẹ́ tiẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ nínú ara yín pé ẹ máa gbà níkẹyìn, nítorí ó ti rẹ̀ yín tàbí àlejò wà nílé, ẹ yáa gbà kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì.

Kí lẹ ó máa ṣe nígbà yẹn? Ẹ sọ rárá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ dúró síbi tí yóò ti máa rí yín, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín; èmi a máa ní kí wọ́n ká aṣọ, torí ó ń gba ojú àti ọwọ́. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má halẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín pẹ̀lú èrè ni, àní ìbínú yín náà. Bó bá jẹ́ níta, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ẹ má sì ra nǹkan kan fún un lójú ọ̀nà. Ẹ má nà án o. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba ní 2018 pé kí òbí má fi lílù tọ́ ọmọ: ó ń mú kí ọmọ máa jà sí i bí ọjọ́ bá ti ń gun orí ọjọ́.

Gbàrà tí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ bá a pe ohun tó ń ṣe é lórúkọ: "Inú bí ẹ torí a pa fóònù." Gbólóhùn kan ti tó. Nínú iṣẹ́ tí Matthew Lieberman, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìhùwàsí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007, nígbà tí àwọn àgbàlagbà ń fi orúkọ pe ìmọ̀lára tí wọ́n rí lójú àwọn ènìyàn inú àwòrán, iṣẹ́ apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, tó máa ń tètè fura sí ewu, ń rọlẹ̀. Ọmọ lè má tíì ní orúkọ fún ìbínú, ìjákulẹ̀ tàbí ìtìjú. Ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti gbọ́ ọ.

Bí ó bá ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tún ṣàdédé han lọ́jọ́ kan. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rí irú rẹ̀ lára àwọn ajá rẹ̀ ní Rọ́ṣíà: ohun tí ajá ti dẹ́kun láti ṣe a máa padà wá lẹ́yìn ìsinmi, ṣùgbọ́n kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹ ti ń ṣe é, kò ní pẹ́ lọ. Ẹ máa kọ ìwé yín lọ títí oṣù kan yóò fi kọjá láìsí ẹkún kankan nínú rẹ̀. Bí oṣù kan bá sì pé tí gbogbo ilé dúró ṣinṣin, tí iye ìṣẹ́jú yẹn kò dín rárá, ẹ gbé ìwé náà lọ bá onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé tàbí dókítà ọmọ yín. Apá kẹta ni yóò kọ́kọ́ kà.